Lẹ́yìn ogun, ta ni yóò kọ́kọ́ padà sílé?

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, lọ́dọọdún ni Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, tí wọ́n sì máa ń gbé òdòdó síwájú ibojì sójà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ni ìrántí yìí máa ń wáyé tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe tiwọn, kí wọ́n tó gbé e wá sí oṣù kìíní nítorí pé ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí.

Àwọn tó kú là ń rántí lọ́jọ́ náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò kú ńkọ́? Nígbà tí ìbọn bá dákẹ́, tí wọ́n bá ní ogun ti tán, báwo ni ìjọba ṣe ń pinnu sójà tí yóò kọ́kọ́ bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, àti èyí tí yóò ṣì dúró síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò lọ sógun rí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Sójà tó ti lo ọdún mẹ́rin nínú igbó, tí ìyàwó rẹ̀ ń dá tọ́ ọmọ, tí oko rẹ̀ ti kún fún igbó, tó wá rí i pé ẹni tó dé lẹ́yìn òun ti gba ọ̀nà ilé lọ, ìtùnú wo lẹ fẹ́ sọ fún un? Ìtàn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn fi hàn pé sójà máa ń ní sùúrù bí òfin ìdásílẹ̀ bá hàn sí gbogbo wọn, tí wọ́n sì rí i pé kò ṣe ojúsàájú. Níbi tí òfin náà bá ti wọ́, tàbí tí wọ́n bá yí i padà ní agbedeméjì, wàhálà kì í pẹ́ dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní oṣù kọkànlá, ọdún 1918, ètò ọrọ̀ ajé ló ká ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lára jù. Wọ́n ní àwọn tí iléeṣẹ́ nílò jù, tí iṣẹ́ sì ti ń dúró dè nílé, ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Bí èèyàn bá kà á nínú ìwé, ó mọ́gbọ́n wá: bí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ bá tètè dé, iléeṣẹ́ yóò ṣí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì bá iṣẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ ta ni àwọn tí iléeṣẹ́ nílò jù yìí? Àwọn gan-an ni ìjọba kò tètè mú wọ iṣẹ́ ológun, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe pàtàkì nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pẹ́ lójú ogun. Bó ṣe di pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde nìyẹn, tí ẹni tó ti wà nínú yàrà ogun láti 1914 sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọn kò wò ó pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, ọdún 1919, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà tí wọ́n fẹ́ kó padà sí Faransé láti Folkestone, ìlú kan létí òkun, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò wọ ọkọ̀. Àwọn mìíràn wa ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀. Winston Churchill, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínísítà ètò ogun ní oṣù náà, ló yí òfin ọ̀hún padà. Ó ní àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́, àwọn tó ti dàgbà àti àwọn tó ti fara gbọgbẹ́ léraléra ni kó máa lọ ṣáájú. Ìbínú àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.

Ìṣirò Ernest Bevin

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler, ṣì ń gbóná, ni Ernest Bevin, mínísítà ètò iṣẹ́, ti gbé ètò ìdásílẹ̀ jáde. Aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni Bevin kó tó wọṣẹ́ ìjọba, ó sì mọ ohun tó máa ń bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọjọ́ orí sójà ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka oṣù tó ti lò nínú iṣẹ́, wọn yóò sì sọ oṣù méjì-méjì di ọdún kan. Àpapọ̀ méjèèjì ni yóò sọ ìsọ̀rí tó bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ẹni ọdún 22 tó ti ṣiṣẹ́ sójà fún ọdún 4. Ọdún 4 jẹ́ oṣù 48, oṣù 48 sì di ọdún 24. Bí a bá fi 22 kún un, ó di 46. Ẹ wá mú bàbá ẹni ọdún 40 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan. Oṣù 12 rẹ̀ di ọdún 6, òun náà sì ní 46. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò lọ sílé.

Sójà kankan kò nílò akọ̀wé láti bá a ṣe ìṣirò yìí. Kò sí ọ̀gá tó lè fi ojúrere gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ni ipò kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ọdún 50 àti àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ ní àǹfààní láti lọ ṣáájú.

Ìjọba mọ̀ pé ìlú kò lè dúró láìsí oníṣẹ́ ọwọ́, pàápàá nígbà tí bọ́ǹbù ti wó ilé púpọ̀. Nítorí náà, wọ́n ṣe ìsọ̀rí kejì fún bíríkìlà, káfíńtà, awakùsà àti àwọn bíi tiwọn, tí wọ́n lè pè kúrò lórí ìlà kí ó tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó dà bí ẹ̀bùn. Ẹni tó bá dúró de àyè rẹ̀ yóò gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 8 pẹ̀lú owó, ọ̀sẹ̀ 3 péré sì ni ti ẹni tí wọ́n pè ṣáájú. Bí ẹni náà bá sì fi iṣẹ́ tí wọ́n pè é fún sílẹ̀, wọ́n lè mú un padà sínú iṣẹ́ ológun. Ẹ ò rí i pé wọ́n fi ìwọ̀n sí i.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1945 ni ìdásílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1946 fi máa parí, àwọn tó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 4. Wọ́n fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sílé: kóòtù àti ṣòkòtò, ṣẹ́ẹ̀tì, bàtà, fìlà àti aṣọ òjò. Kì í ṣe pé kò sí ìkùnsínú rárá o. Ní oṣù kìíní, ọdún 1946, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní Karachi da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ràn dé ọ̀pọ̀ ibùdó ní Íńdíà títí dé Singapore. Kì í ṣe ìṣirò Bevin ni wọ́n ń bá jà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìlà náà ń falẹ̀ jù.

Máàkì 85 ti Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti jagun títí àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀ lọ sílé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn yóò máa wò. Kí wọ́n tó ṣe òfin, wọ́n bi àwọn sójà fúnra wọn léèrè. Ẹ̀ka ìwádìí iṣẹ́ ológun, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Stouffer ń darí, bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pé ta ni wọ́n rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìdáhùn wọn wà lára ohun tí wọ́n fi gbé òfin tó jáde ní oṣù karùn-ún, ọdún 1945 kalẹ̀, lẹ́yìn tí Jámánì túúbá.

Máàkì ni wọ́n ń kà. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí sójà bá lò nínú iṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án, ọdún 1940 jẹ́ máàkì 1. Bó bá jẹ́ òkè òkun ló ti lò ó, wọn yóò fi máàkì 1 mìíràn lé e. Àmì ẹ̀yẹ ìgboyà jẹ́ máàkì 5, bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ẹ̀yẹ ọgbẹ́ ogun, àti ogun ńlá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ máàkì 12, ṣùgbọ́n wọn kò ka ju ọmọ mẹ́ta lọ. Baba ọlọ́mọ méje kò lè rí ju ti ọlọ́mọ mẹ́ta lọ gbà. Ìyàwó kò ní máàkì kankan. Ẹni tó bá ní 85 lè máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Fún àwọn obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin, 44 ni wọ́n ní kí wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní sójà kan ti lo oṣù 36, tí 18 nínú rẹ̀ jẹ́ ní òkè òkun. Ó ti ní 54. Ó ja ogun ńlá mẹ́ta, ìyẹn 15, ó sì fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 5. Ó di 74. Bí kò bá lọ́mọ, yóò dúró síbẹ̀. Bó bá bí ọmọ kan ṣoṣo sílé kó tó lọ, ó di 86, ó sì di ará ilé. Èyí ni pé ọmọ kan ju ogun ńlá méjì lọ nínú òfin náà. Àwọn àpọ́n kùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ sójà gbà pé ọmọ kékeré nílò bàbá rẹ̀.

Ohun tó dun àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ jù ni pé báàjì tí wọ́n fi ń dá àwọn tó ja ogun ojúkojú mọ̀ kò ní máàkì kankan, nígbà tí mẹ́dàlì tí wọ́n ń fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú jagun ní máàkì 5. Ẹni tó ń sùn nínú ẹrẹ̀ wá rí i pé ẹni tó ń padà wá sùn lórí ibùsùn lálaalẹ́ ló ń yára kó máàkì jọ.

Síbẹ̀, òfin náà dúró. Lẹ́yìn tí Japan túúbá, wọ́n ń sọ iye máàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: 80 ní oṣù kẹsàn-án, 70 ní oṣù kẹwàá, 60 ní oṣù kọkànlá. Gbogbo ojú wà lára ìlà. Àwọn ìyàwó ń fi bàtà ọmọ ọwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin ní Washington láti fi rán wọn létí pé bàbá ọmọ kò tíì dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni oṣù kìíní, ọdún 1946. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, iléeṣẹ́ ogun kéde pé àwọn yóò dín iye tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lóṣù kù, nítorí pé wọ́n ṣì nílò sójà ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà tú síta ní Manila, ó sì tàn dé Guam, Paris àti Frankfurt. Èyí tó tún bí wọn nínú ni ti Robert Patterson, mínísítà ètò ogun, tó ń bẹ àwọn ibùdó wọn wò nígbà náà. Ní Guam, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kò mọ̀ pé láti ìgbà tí Japan ti túúbá ni máàkì kò ti lé sí i mọ́. Ẹni tó ń ṣàkóso ìlà kò mọ òfin ìlà, àwọn tó wà lórí ìlà sì mọ̀ ọ́n lórí!

Ọ̀gágun Eisenhower, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ní kí àwọn sójà dáwọ́ ìwọ́de dúró, ó sì fi òfin tuntun tó ní ọjọ́ nínú lélẹ̀: ẹni tó bá ní máàkì 45 tàbí tó ti lo oṣù 30 yóò lọ kó tó di òpin oṣù kẹrin, ẹni tó bá ní 40 tàbí tó ti lo oṣù 24 yóò lọ kó tó di òpin oṣù kẹfà. Nígbà tí ọjọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ariwo rọlẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù 8 ní oṣù karùn-ún, ọdún 1945 kò tó mílíọ̀nù 2 mọ́ ní àárín ọdún 1946.

Àwọn bàbá wa ní Bọ́mà

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń bẹ ní Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ló lọ, láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rin ti kúrò lójú ogun ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, ṣùgbọ́n Íńdíà ni wọ́n dúró sí, ó sì di 1946 kí wọ́n tó kó wọn wálé. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ́n. Òfin lè sọ pé àkókò rẹ ti tó, bí kò bá sí ọkọ̀, orí ìlà náà lo wà.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní oṣù kìíní, ọdún 1942. Ní oṣù kẹta, ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti ará Sierra Leone kan, David Kargbo, fara pamọ́ sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn ará abúlé, pàápàá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman, ló ń fún wọn lóúnjẹ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé ní oṣù kejìlá. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kú ní 2012.

Bí a bá fi ìṣirò Bevin wọn Fadoyebo ní oṣù kẹfà, ọdún 1945, ọmọ ọdún 19 tó ti lo oṣù 41 ni. Oṣù 41 fún un ní ọdún 20, ó di 39 lápapọ̀. Àgbà ẹni ọdún 39 tó wọṣẹ́ sójà lánàá yóò wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án tó fi ẹsẹ̀ fífọ́ sùn sínú igbó kò ju oṣù mẹ́sàn-án mìíràn lọ nínú ìṣirò náà. Òfin tó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn máa ń ní irú àléébù yìí, pé kò lè rí ohun tí ojú ẹnì kan rí. Ohun mìíràn tún ni ti ọjọ́ orí. Nínú àwọn sójà tó lọ láti abúlé wa, mélòó ló ní ìwé ọjọ́ orí? Ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí ọba kan wàjà, ni ọ̀pọ̀ fi ń ka tiwọn.

Nígbà tí wọ́n wálé, ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin kan ní 1945 pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba ìwọ̀n kan nínú wọn sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tó nǹkan. Ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ tàbí tẹ wáyà lójú ogun, ọkọ́ àti àdá ló tún bá nílé.

Nígbà tí owó di ìjà

Bí sójà bá wálé ṣáájú, kò tíì parí bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, àwọn sójà ilẹ̀ Áfíríkà tó jà fún Faransé, tí Jámánì ti mú lẹ́rú, dé ní oṣù kọkànlá, ọdún 1944. Oríṣiríṣi ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ni wọ́n ti wá, títí kan Dàhòmì tó di Benin lónìí. Àdéhùn ni pé ìdá mẹ́rin owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n, wọn yóò gba ìdá kan ní Faransé, kí wọ́n sì gba mẹ́ta tó kù ní Dakar. Wọ́n dé Dakar, owó kò jáde. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò kúrò níbẹ̀ láìgba owó àwọn, wọ́n yìnbọn fún wọn ní ọjọ́ 1, oṣù kejìlá. Ìjọba Faransé ìgbà náà ní 35 ló kú. Àwọn òpìtàn ní wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó di oṣù kọkànlá, ọdún 2024 kí Ààrẹ Macron tó gbà pé ìpakúpa ni.

Ní Accra, ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1948, àwọn tó ti Bọ́mà dé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún gómìnà lórí owó àti ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó ti Ghana dé òmìnira ní 1957.

Nàìjíríà lẹ́yìn 1970

Kí ogun abẹ́lé wa tó bẹ̀rẹ̀, sójà Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ọ̀gágun Gowon fi àtúntò iṣẹ́ ológun sí iwájú ètò mẹ́sàn-án tó kéde ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò bíi ti Bevin, kò sí máàkì bíi ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń ba ìjọba pé bí wọ́n bá tú àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìbọn lò sígboro láìsí iṣẹ́, ìlú kò ní gbé. Ìdigunjalè ti gbòde débi pé ní 1970 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin pé pípa ni kí wọ́n máa pa adigunjalè. Nítorí náà, sójà dúró, bárékè kò gbà wọ́n, owó oṣù wọn sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ológun. Ìgbà tí Murtala Muhammed gbàjọba ní 1975 ni wọ́n tó kéde pé àwọn yóò dín wọn kù.

Ti àwọn tó jà ní ìhà Biafra tún yàtọ̀. Nínú àwọn tó ti jẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kí ogun tó dé, wọ́n gba àwọn kan padà, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ náà "lé". Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tí wọ́n lé kò ní nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ kan yẹn fi wà lórí ìwé wọn. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2000 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé ìlékúrò náà ti di ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan nínú wọn ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìlà ológun kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2018, àwọn sójà kan tó ń bá Boko Haram jà yìnbọn sókè ní pápákọ̀ òfurufú Maiduguri. Wọ́n ní àwọn ti pẹ́ jù lójú ogun, síbẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n tún fẹ́ kó àwọn lọ dípò ilé.

Ohun kan náà ni àwọn ará Folkestone sọ ní 1919, òun náà ni àwọn ará Manila sọ ní 1946. Sójà tó mọ ọjọ́ tí òun yóò lọ, tó mọ ìdí tí ẹnì kejì fi ṣáájú òun, tó sì mọ iye tí wọ́n yóò kà sí òun lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ, yóò fara dà á. Kí ìjọba kọ òfin náà sílẹ̀ nígbà tí ogun ṣì ń lọ, kí wọ́n kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, kí wọ́n má sì yí i padà láìsọ fún wọn. Ẹni tó bá sì ní bàbá tàbí bàbá ńlá tó jagun rí, kó wá ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ jáde nínú àpótí, kó kà á dáadáa, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ikán kò ní jẹ ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ wà nínú ìwé yẹn, òun ló sì máa ń sọ bóyá ẹ̀tọ́ kan kù tí ìdílé rẹ̀ lè béèrè.